Àwọn Ilé Aláwọ̀ Ìyeyè ní Sophiatown: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwòrán Gerard Sekoto

Bí ẹ bá ti rí àwòrán títì kan tí ilé aláwọ̀ ìyeyè tò sí lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n sì kọ orúkọ Sekoto sí abẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìkan nínú àwọn ìbéèrè yìí ti sọ sí yín lọ́kàn. Àwọn kan ò gbà ju gbólóhùn bíi mélòó kan lọ. Àwọn mìíràn gba àlàyé, mi ò sì ní kánjú lórí wọn.

Àwòrán wo gan-an là ń sọ?

Àwòrán ọ̀dà tí Gerard Sekoto, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, yà lọ́dún 1940 ni. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "Yellow Houses: A Street in Sophiatown". Orí páálí líle ló yà á sí, kì í ṣe orí aṣọ tí wọ́n na mọ́ igi bíi ti ọ̀pọ̀ àwòrán ńláńlá. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú Johannesburg, ìyẹn Johannesburg Art Gallery tó wà ní Joubert Park, ló ni ín. Ọdún 1940 yẹn náà ni wọ́n rà á, òun sì ni iṣẹ́ ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ inú àkójọ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó tún ra ti aláwọ̀ dúdú mìíràn.

Ta ni Gerard Sekoto?

Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Botshabelo, ibùdó àwọn míṣọ́nnárì Lutheran nítòsí Middelburg, lágbègbè tí à ń pè ní Mpumalanga lónìí. Ọmọ ilé míṣọ́n ni. Bàbá rẹ̀, Andreas, jẹ́ tíṣà àti oníwàásù, ilé wọn kì í sì í dá fún orin ìjọ àti dùùrù. Ẹ fi ti dùùrù yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló wá bọ́ ọ nígbà tí àwòrán ò lè bọ́ ọ.

Ó kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Grace Dieu, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Anglican nítòsí Pietersburg, ìlú tó ń jẹ́ Polokwane báyìí. Igi gbígbẹ́ ni wọ́n mọ ilé ìwé náà mọ́, ṣùgbọ́n àwòrán yíyà ló wu Sekoto. Lẹ́yìn náà ló ń kọ́ni ní ilé ìwé Khaiso, ní agbègbè kan náà. Láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà náà ni Ernest Mancoba wà, tí òun náà wá di àgbà oníṣẹ́ ọnà. Mancoba ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris, lọ́dún 1938, ọ̀rọ̀ Paris ò sì kúrò lọ́kàn Sekoto mọ́. Ó tún wá gba ipò kejì nínú ìdíje àwòrán kan tí wọ́n ṣe ní Fort Hare, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú. Kí ọdún 1939 tó parí, ó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ti gba Johannesburg lọ, kò sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju àwòrán lọ.

Irú àdúgbò wo ni Sophiatown?

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣòwò ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Herman Tobiansky ra ilẹ̀ kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Johannesburg. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Sophia, pe ibẹ̀, ó sì pín orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún àwọn títì: Edith, Gerty, Bertha, Toby, Sol. Àwọn òyìnbó ló fẹ́ tà á fún. Àmọ́ ìjọba ìlú lọ fi ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ sí sítòsí ibẹ̀, àwọn òyìnbó sì yí imú padà. Tobiansky ò lè máa wo owó rẹ̀ kó jóná, ló bá ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́, dúdú o, funfun o.

Bí aláwọ̀ dúdú ṣe di onílẹ̀ ní Johannesburg nìyẹn. Kì í ṣe ilé ìjọba, kì í ṣe bárékè ọmọ iṣẹ́ ibi ìwakùsà. Ilé tirẹ̀, ìwé ilẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé á kọ́ yàrá sẹ́yìn ilé, á fi gbàyàálégbé; àwọn ayálégbé náà á kún àgbàlá bámúbámú, gbogbo wọn á sì máa du ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Dókítà A. B. Xuma, ẹni tó ṣe ààrẹ ANC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, láti 1940 sí 1949, kọ́ ilé tó rẹwà sí títì Toby. Nínú àdúgbò yẹn kan náà ni àwọn ìyá ti ń pọntí lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé, tí wọ́n sì ń rì í mọ́lẹ̀ bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀. Olórin jáásì wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn wà, àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà tó ní ṣọ́ọ̀bù wà, jàǹdùkú náà sì wà, wọn ò kéré. Ẹni tó bá ń sọ pé párádísè ni Sophiatown kò tíì bá ènìyàn mẹ́wàá tò sídìí ẹ̀rọ omi lójúmọ́ òtútù.

Sekoto bá àwọn ìbátan rẹ̀ gbé ní títì Gerty. Ohun tó ń rí lójú fèrèsé ló ń yà.

Kí ni kí n máa wò nínú rẹ̀? Lójú mi, ilé lásán ni.

Ilé lásán náà ni lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ ìyeyè yẹn. Kò jọ ọ̀dà tuntun tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó jọ oòrùn ilẹ̀ gíga Johannesburg, tó máa ń mú gan-an láìsí ooru púpọ̀, tó sì máa ń jẹ́ kí ògiri lásán tàn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni títì. Ilé àti ojú ọ̀nà ló gba àyè jù lọ. Kò sí ayẹyẹ, kò sí ìjà, kò sí ọlọ́pàá. Ìgbà tí kò sí ohunkóhun tó ń ṣẹlẹ̀ ni Sekoto mú.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń yà nígbà náà. Bí ayàwòrán òyìnbó ní Gúúsù Áfíríkà bá fẹ́ ya aláwọ̀ dúdú, abúlé ló máa ń lọ: ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ahéré koríko lẹ́yìn, ìbora léjìká. Bí ẹni pé aláwọ̀ dúdú ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú ńlá. Sekoto ya àwọn tó wọ bàtà, tó dé fìlà, tó gun kẹ̀kẹ́, tó gbé báàgì ọjà, tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa. Wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ, wọn ò dúró kí á máa wò wọ́n. Ẹni tó ya èyí kì í ṣe àlejò tó wá wòran, aládùúgbò ni.

Mo gbà pé ìyẹn náà ló jẹ́ kí àwọn ilé inú àwòrán yìí jọ ilé onílé. Ẹni tó bá ti sanwó ilẹ̀ rí mọ ojú tí ènìyàn fi ń wo ògiri tó jẹ́ tirẹ̀.

Ta ló kọ́ ọ ní yíyà?

Ohun tó pọ̀ jù, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Johannesburg, ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò ló ń lò, orí pépà tí wọ́n fi ń di ẹrù ló sì ń yà á sí, nítorí ìyẹn ni owó rẹ̀ ká. Roger Castle, òyìnbó ẹlẹ́sìn kan tó ń kọ́ni ní ilé ìwé St Peter's ní Rosettenville, ló rí iṣẹ́ rẹ̀ tó sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé e síta. Judith Gluckman, ayàwòrán kan, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀dà olóróró. "Àwọn Ilé Aláwọ̀ Ìyeyè" wà lára ohun tó kọ́kọ́ fi ọ̀dà yẹn ṣe, ìyẹn sì máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́ ló hàn níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ní láti ṣe bí agbálẹ̀ kó tó lè rí àwòrán ara rẹ̀?

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn: pé lẹ́yìn tí mùsíọ̀mù ra àwòrán náà tí wọ́n sì gbé e kọ́, Sekoto fẹ́ lọ wò ó, àmọ́ aláwọ̀ dúdú kì í gba ibẹ̀ wọlé bí àlejò, àyàfi kó wá gbálẹ̀ tàbí kó wá nu nǹkan. Ló bá wọlé bí agbálẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó mú ìgbálẹ̀ dání nínú gbọ̀ngàn ńlá tí Edwin Lutyens yàwòrán kíkọ́ rẹ̀ láti London, ó ń rìn gba iwájú àwòrán àwọn ará Yúróòpù kọjá, títí tó fi dé iwájú títì tòun fúnra rẹ̀. Wọ́n ti san owó rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé wọn. Ìlẹ̀kùn nìkan ni wọn ò ṣí fún un.

Kí ló wá dé bá àwọn ilé náà?

Wọ́n wó wọn.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1948 ni ẹgbẹ́ òṣèlú National Party gba ìjọba, tí wọ́n sì sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di òfin lóríṣiríṣi. Sophiatown jẹ́ ẹ̀gún lójú wọn: aláwọ̀ dúdú tó ní ilẹ̀, tó sún mọ́ àdúgbò òyìnbó, tó tún ń bá oríṣiríṣi ẹ̀yà gbé pọ̀. Lọ́dún 1954, wọ́n ṣe òfin tó fún wọn lágbára láti kó àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti kéde ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1955, àwọn ará àdúgbò sì ti ń múra láti kọ̀. Ìjọba bá fi ẹ̀tàn yọ sí wọn ní ọjọ́ 9. Nǹkan bí 2,000 ọlọ́pàá ló dé pẹ̀lú ìbọn àti kùmọ̀, lọ́rì tò tẹ̀ lé wọn, òjò sì ń rọ̀. Wọ́n kó ẹrù àwọn ènìyàn sínú lọ́rì, ó di Meadowlands, ní agbègbè Soweto.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí lọ́jọ́ kan. Ó tó ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó kó gbogbo àdúgbò tán, nǹkan bí 60,000 ènìyàn. Bí ìdílé kan bá ti jáde, katakata á wọlé. Ẹni tó jẹ́ onílé ní títì Gerty di ayálégbé ìjọba ní Meadowlands, ìwé ilẹ̀ tó ní lọ́wọ́ sì di pépà lásán. Nígbà tí wọ́n wó o tán, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òyìnbó sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Triomf, ìyẹn "Ìṣẹ́gun" lédè Afrikaans. Ẹ ò rí i pé ojú ò tì wọ́n.

Ṣé Sekoto ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa wó o? Ṣé ìyẹn ló ṣe yà á?

Rárá o. Ìbéèrè yìí máa ń wá ṣáá, ó sì máa ń bí mi nínú díẹ̀, nítorí ó ń sọ ayàwòrán di babaláwo. Lọ́dún 1940, ó ku ọdún mẹ́jọ kí National Party tó gba ìjọba, ó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí lọ́rì àkọ́kọ́ tó dé. Títì tó ń gbé ló yà, nítorí pé ó wù ú. Bí ẹ bá rí ìbànújẹ́ nínú àwọ̀ ìyeyè yẹn, àwa tá a mọ bó ṣe parí la gbé e síbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí ṣá. Lọ́dún 1942, Sekoto kó lọ sí Cape Town, ó ń gbé ní District Six, ó sì ya ibẹ̀. Lọ́dún 1945, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Eastwood, ní Pretoria, ó ya ibẹ̀ náà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò ní Eastwood. District Six di àgbègbè òyìnbó nípa òfin lọ́dún 1966, wọ́n sì lé iye ènìyàn tó ju 60,000 lọ kúrò níbẹ̀. Àdúgbò mẹ́ta ló gbé láàárín ìgbà tó ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ láyé rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọn ò pa rẹ́ nínú wọn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ irú ibi tó máa ń wù ú láti gbé, níbi tí oríṣiríṣi ènìyàn ti fara kanra, ni irú ibi tí ìjọba yẹn ò lè gbà kó wà.

Ṣé wọ́n lé Sekoto kúrò nílùú ni, àbí ó lọ fúnra rẹ̀?

Ó lọ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1947, ó ta àwòrán níbi àwọn ìpàtẹ tó ṣe ní Johannesburg àti Pretoria, ó fi owó rẹ̀ san owó ọkọ̀ ojú omi, ó gba London kọjá, ó dé Paris. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kò sí ọlọ́pàá tó lé e dé èbúté, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan máa ń sọ pé kò yẹ kí á pè é ní ẹni tó sá kúrò nílùú.

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Ẹ fi ti Nat Nakasa wé e, akọ̀ròyìn tó fẹ́ lọ kàwé ní Harvard lọ́dún 1964. Ìjọba kọ̀ láti fún un ní ìwé ìrìnnà. Ìwé àlọ-má-padà ni wọ́n fún un: bó bá ti rékọjá ibodè, kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Ó kú ní New York lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni lílé tó hàn sójú gbogbo ayé.

Ti Sekoto ò hàn bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ìwọ ti jẹ́ ayàwòrán tí mùsíọ̀mù ra iṣẹ́ rẹ̀, tí ìwọ fúnra rẹ ò sì lè gba ẹnu ọ̀nà mùsíọ̀mù náà wọlé. Tí ọlọ́pàá lè dá ọ dúró nígboro kó ní ó dà, ìwé ìrìn rẹ dà, ìwé tí aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ máa mú káàkiri. Tí kò sí ilé ìwé iṣẹ́ ọnà tó máa gbà ọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹgbẹ́ rẹ tó jẹ́ òyìnbó. Ẹni tó bá kúrò nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ṣé ó lọ ni àbí wọ́n tì í? Kò tíì lo ọdún kan tán ní Paris tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi dé. Láti ìgbà náà lọ, ohun tó jẹ́ ìrìn àjò ẹ̀kọ́ ní 1947 yí padà di nǹkan mìíràn láìjẹ́ pé ó ṣí ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wó Sophiatown, ibi tí ì bá padà sí kò sí mọ́. Lójú tèmi, a lè pè é ní ẹni tó wà ní àjò tipátipá, tí a bá ṣáà ti sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pé kì í ṣe ọjọ́ tó wọkọ̀ ni wọ́n lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Báwo ló ṣe jẹun ní Paris?

Dùùrù. Ó ń tẹ dùùrù lálẹ́ nílé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní L'Échelle de Jacob, ní àdúgbò Saint-Germain. Jáásì, orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, orin ilé tirẹ̀. Lọ́sàn-án, á yàwòrán. Lálẹ́, á kọrin fún àwọn tí kò mọ̀ pé ayàwòrán ni. Ó tún ń kọ orin sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lára wọn jáde láàárín 1956 sí 1960.

Ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò gbọ́ Faransé dáadáa, òtútù ń mú un, ọtí ilé iṣẹ́ sì wà nítòsí ní gbogbo alẹ́. Lọ́dún 1949, ọpọlọ rẹ̀ dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Sainte-Anne. Nígbà tó yá ló bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Marthe pàdé, àwọn méjèèjì sì wà pọ̀ títí tí obìnrin náà fi kú lọ́dún 1982.

Ó bá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ṣe wọléwọ̀de ní Yúróòpù. Àwọn tó dá ìwé ìròyìn Présence Africaine sílẹ̀ ṣe àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó wáyé ní Paris lọ́dún 1956, níbi tí Ben Enwonwu ti Nàìjíríà ti sọ̀rọ̀, àti èyí tó wáyé ní Rome lọ́dún 1959, níbi tí Sekoto fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1966 ló lọ sí Dakar fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú, ó sì dúró ní Sẹ̀nẹ̀gà fún nǹkan bí ọdún kan, ó ń ya àwọn ará Casamance, ní gúúsù ilẹ̀ náà. Áfíríkà tó tún padà dé nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ilé.

Ṣé ó ṣì ń ya Sophiatown ní Paris?

Ó ń yà á, láti inú ìrántí. Ọ̀pọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ pé àwọn yẹn ò tó ti àkọ́kọ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Àwọ̀ wọn dùn mọ́ni, búlúù pọ̀ nínú wọn, àmọ́ títì inú wọn ti di títì àlá. Ẹ ò ní mọ ibi tí gọ́tà wà. Nínú ti 1940, gbogbo nǹkan ló ní ìwọ̀n. Ìyẹn ni àjò gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ojú fèrèsé títì Gerty.

Ó tún ya àwòrán láti fi rántí Steve Biko, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà, tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1977. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ilé sílẹ̀ nígbà náà.

Ṣé ó padà sílé rí?

Kò padà. Lọ́dún 1989, Johannesburg Art Gallery ṣe ìpàtẹ ńlá fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, ilé tí kò gbà á wọlé bí àlejò yìí kan náà. Yunifásítì Witwatersrand sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ara rẹ̀ ò yá mọ́ nígbà náà. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1993 ló kú ní Nogent-sur-Marne, lẹ́bàá Paris, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ìbò tí gbogbo ọmọ ìlú dì lẹ́ẹ̀kan náà ní Gúúsù Áfíríkà ku ọdún kan àti oṣù kan.

Mo rí "Yellow Houses" mìíràn tí wọ́n tà lówó gọbọi. Ṣé òun náà ni?

Rárá. Ti District Six nìyẹn, "Yellow Houses, District Six", tí ilé iṣẹ́ Bonhams ta ní gbàǹjo ní London lọ́dún 2011 ní iye tó lé ní 600,000 pọ́n-ùn. Ti Sophiatown kò sí lọ́jà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ tà á fún yín, ẹ dì í mú.

Ṣé ó wo iṣẹ́ Van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, ni kó tó yà á?

Àwọn ènìyàn máa ń fi wọ́n wéra nítorí àwọ̀ ìyeyè àti bí ọ̀dà ṣe nípọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ènìyàn nílò Van Gogh kó tó lè mọ̀ pé oòrùn máa ń bà lé ògiri.

Àwòrán rẹ̀ wo ni kí n tún wá?

Méjì, tó yà ní Eastwood kó tó lọ. Èkíní ni "Song of the Pick": àwọn òṣìṣẹ́ tò ní ìlà kan, gbogbo wọn gbé dígà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ bí ọrun, ọ̀gá òyìnbó kan sì dúró níwájú wọn. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá yẹn kéré, ó tín-ín-rín, bí ẹni pé atẹ́gùn dígà nìkan tó láti gbé e ṣubú. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju gbogbo èyí tó yà lọ.

Èkejì ni "Sixpence a Door". Àwọn èrò pé jọ sẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti ń jó ijó Zulu, sísì ni owó ìwọlé. Àwọn tí kò ní sísì ń yọjú níta. Ìran tí wọ́n sanwó rẹ̀ ò hàn sí wa rárá, àwọn tí kò rówó san ni Sekoto yà. Wọ́n gbé e lọ sí Tate Gallery, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní London, lọ́dún 1948, nígbà tí ẹni tó yà á ń tẹ dùùrù ní Paris.

Ṣé mo lè lọ wò ó ní Johannesburg?

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ilé náà ti ń jò láti ọdún pípẹ́, ìròyìn rẹ̀ ò sì tán nínú ìwé ìròyìn ìlú náà, pẹ̀lú àríyànjiyàn lórí kíkó àwọn iṣẹ́ ọnà náà lọ síbòmíràn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n ń gbé kọ́ nígbà gbogbo. Ẹ dárúkọ àwòrán náà fún wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó wà lára ògiri.

Sophiatown ńkọ́, ṣé kò sí mọ́ pátápátá?

Orúkọ náà ti padà láti ọdún 2006, Triomf sì ti lọ. Ilé Dókítà Xuma wà ní títì Toby, ó wà lára ìwọ̀nba tí wọn ò wó, ènìyàn sì lè wọ̀ ọ́ wò. Ṣọ́ọ̀ṣì Christ the King, níbi tí àlùfáà Trevor Huddleston ti bá ìjọba jà nítorí ìwólé yìí, ṣì dúró. Ilé aláwọ̀ ìyeyè Sekoto, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Mo fẹ́ tẹ àwòrán yìí sí èèpo ìwé mi. Ṣé ó ti di ti gbogbo ayé?

Kò tíì dà bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ayàwòrán ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ń parí, ìyẹn ìparí ọdún 2043 fún Sekoto. Òfin Nàìjíríà ti 2022 sọ pé àádọ́rin ọdún, ìyẹn ìparí 2063, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní Faransé. Sekoto fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ kan tó ń jẹ́ Gerard Sekoto Foundation. Àwọn ni kí ẹ kọ̀wé sí nípa ẹ̀tọ́, kí ẹ sì kọ sí mùsíọ̀mù bí ẹ bá nílò fọ́tò tó dára. Ẹ má lọ gé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní àwọ̀ ìyeyè yẹn bó ṣe yẹ, wọ́n ti sọ ọ́ di ọsàn.